Bi Olùkọ́ Léèrè: Ìdílé Bórọ́ọ̀nù Kì Í Sọ̀ Kalẹ̀ Bí Àtẹ̀gùn

Nínú ìtẹ̀jáde oṣù tó kọjá, mo ní kí ẹ kọ̀wé sí mi nípa òpó kẹtàlá nínú tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, òpó tí bórọ́ọ̀nù jẹ́ àkọ́bí rẹ̀. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì mẹ́ta ni yóò dá mi lóhùn. Lẹ́tà tí mo rí gbà kún àpò kan. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìyá ọlọ́ṣẹ kọ̀wé, àgbẹ̀ ọlọ́pẹ kọ̀wé, ẹni tó ń tún fóònù ṣe náà kọ̀wé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní kẹ́mísírì ní Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé kẹ́mísírì kì í ṣe ti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Fún ẹni tí ò rántí ilé ìwé mọ́: àwọn mẹ́fà ló wà nínú ìdílé yìí. Bórọ́ọ̀nù, alumíníọ́mù, gálíọ́mù, íńdíọ́mù, tálíọ́mù, àti àbíkẹ́yìn wọn, nihóníọ́mù. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ní lóde ara wọn, méjì nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní s, ọ̀kan nínú yàrá p. Ohun tó so wọ́n pọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ pé kí ẹ há a sórí, pé bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí báyìí ni yóò máa rí, ìdílé yìí ni yóò kọ́kọ́ já yín kulẹ̀.

*

*Ẹ kú iṣẹ́, Mà. SS3 ni mo wà. Tíṣà wa ní bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òpó kan, átọ́ọ̀mù á máa tóbi sí i. Mo wá rí i nínú ìwé pé alumíníọ́mù jẹ́ píkòmítà 143 (ìwọ̀n kékeré jọjọ tí wọ́n fi ń wọn átọ́ọ̀mù láti àárín dé etí), gálíọ́mù tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 135. Ṣé àṣìṣe àwọn tó tẹ ìwé ni? WAEC ti dé tán. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ọmọ mi, kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Inú mi dùn gan-an pé o ò fojú fò ó. Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́, àwọn tó bi mí ní ìbéèrè yìí láìjẹ́ pé èmi ni mo tọ́ka sí i kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ iye méjèèjì wà níwájú gbogbo wọn.

Gbé tábìlì rẹ, kí o fi ìka tọ ọ̀nà. Láti magnísíọ́mù sí alumíníọ́mù, ìgbésẹ̀ kan ni, kò sí ẹ́límẹ́ǹtì kankan láàrin wọn. Àmọ́ ní ìlà tó tẹ̀ lé e, láti kálísíọ́mù kí o tó dé gálíọ́mù, o ní láti kọjá lára ẹ́límẹ́ǹtì mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ láti sikáńdíọ́mù títí dé síńkì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi prótọ́ọ̀nù kan, ohun tó ń fa elẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra, kún kóró tó wà láàárín átọ́ọ̀mù, elẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́wàá sì wọ inú yàrá tí wọ́n ń pè ní d. Iṣẹ́ tí à ń retí lọ́wọ́ elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú ni pé kó bo èyí tó wà níta, kí kóró má bàa rí i fà jù. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù inú d kò mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa. Bí ẹni fi léèsì ṣe kọ́tìnì ni: aṣọ wà lójú fèrèsé lóòótọ́, oòrùn sì ń wọlé.

Nígbà tí a bá fi máa dé gálíọ́mù, prótọ́ọ̀nù ti kúrò ní 13, ó ti di 31, ìbòjú kò sì pọ̀ tó o. Kóró fa elẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta mọ́ra, átọ́ọ̀mù bá sún kì. Ìdí tí 143 fi di 135 nìyẹn.

Má dúró síbẹ̀. Wo agbára tí a nílò láti já elẹ́kítírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ kúrò lára wọn, ní kílójúù fún móòlù kan: bórọ́ọ̀nù 801, alumíníọ́mù 577, gálíọ́mù 579, íńdíọ́mù 558, tálíọ́mù 589. Kà á jáde lóhùn òkè. Ó já wálẹ̀ lójijì, ó dúró, ó tún já díẹ̀, ó wá gbéra sókè. Ìwé tó bá sọ fún ọ pé agbára yìí ń dín kù láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú òpó yìí, kò wo iye. Gálíọ́mù yẹ kó kéré sí alumíníọ́mù, ó fi méjì jù ú lọ nítorí ọ̀rọ̀ d tí mo sọ yẹn. Ti tálíọ́mù lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti íńdíọ́mù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, prótọ́ọ̀nù 32 ló wọlé, elẹ́kítírọ́ọ̀nù 14 sì wọ yàrá f, tí ìbòjú tirẹ̀ tún burú ju ti d lọ. Nítorí náà ni íńdíọ́mù fi jẹ́ 167 ní títóbi, tí tálíọ́mù sì jẹ́ 170 péré. Prótọ́ọ̀nù 32 wọlé, píkòmítà mẹ́ta ló fi tóbi sí i!

Tí wọ́n bá bi ọ́ nínú ìdánwò, kọ ọ́ pé átọ́ọ̀mù ń tóbi sí i *lápapọ̀* bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí o wá fi kún un pé gálíọ́mù yà kúrò lójú ọ̀nà, kí o sì sọ ìdí. Ìdí yẹn ni máàkì wà.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí mo fẹ́ràn. Ní 1871, Dmitri Mendeleev ní Rọ́ṣíà fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ alumíníọ́mù nínú tábìlì rẹ̀. Ó ní ẹ́límẹ́ǹtì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rí, pé sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́ta kan rẹ̀ yóò wúwo tó gíráàmù 5.9, pé kò ní pẹ́ yọ́ lórí iná. Ní 1875, Paul-Émile Lecoq de Boisbaudran, ọmọ Faransé, rí i nínú òkúta síńkì kan tó ti orí òkè Pyrenees wá, ó sọ ọ́ ní gálíọ́mù. Ó wọ̀n ọ́n, ó bá 4.7. Mendeleev, tí kò fojú kan nǹkan ọ̀hún rí, kọ̀wé sí i pé kó tún un fọ̀ mọ́, kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n. Ó bá 5.9. Ẹni tó mọ ìdí lè jókòó sílé rẹ̀ kó tún ìwọ̀n ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe.

*

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ọṣẹ dúdú ni mo ń ṣe l'Ọ̀yọ́. Ìkòkò irin mi jò, mo bá da omi eérú sínú ìkòkò alumíníọ́mù ńlá tí mo fi ń se oúnjẹ òde. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú ìkòkò ti jẹ, omi náà ti ṣú. Àwọn aládùúgbò ní aráyé ló wà nídìí ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé mo ṣì lè fi omi náà ṣe ọṣẹ? — Ìyá Ọlọ́ṣẹ*

Ẹ kú iṣẹ́, Mà, ẹ sì kú àdánù ìkòkò. Kò sí ọwọ́ aráyé níbẹ̀. Ohun tó ṣe yín ti ṣe mí rí.

Aláró ni ìyá mi ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Omi eérú kan náà tí ẹ fi ń ṣe ọṣẹ ni òun fi ń rẹ ẹlú: ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan lórí èkejì, ti òkè ní ihò nídìí, eérú nínú rẹ̀, omi á máa kán sínú ti ìsàlẹ̀ tótó-tótó. Ní 1961, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo bu omi eérú sínú abọ́ alumíníọ́mù tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un láti Èkó, mo sì gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo padà débẹ̀, abọ́ ń hó wùùù bí ẹni tí inú ń bí. Ní ọjọ́ kejì, ihò ti lu ìdí rẹ̀. Wọ́n nà mí. Àmọ́ bí mo ti ń sunkún ni mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí ìkòkò amọ̀ ò hó? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí kẹ́mísírì.

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Alumíníọ́mù tí ẹ rí yẹn kì í wà níhòòhò. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, yóò fi ọ́ksíjìn hun awọ tín-ín-rín kan bo ara rẹ̀, awọ yìí ló sì ń jẹ́ kó bá òjò àti ọbẹ̀ gbé. Awọ náà ní ìwà kan tó yàtọ̀: omi kíkan lè yọ́ ọ, omi eérú náà lè yọ́ ọ. Nígbà tí omi eérú jẹ awọ náà tán, ó bá alumíníọ́mù gan-an lára, omi àti alumíníọ́mù wá dojú kọ ara wọn. Ohun tó ń hó tí ẹ rí jẹ́ afẹ́fẹ́ háídrójìn tó ń jáde. Ó ń gbiná, Mà. Mo bẹ̀ yín, tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé àtùpà tàbí sìgá sún mọ́ ọn, kí ẹ má sì dé e pa.

Ẹ má fi omi náà ṣe ọṣẹ. Alumíníọ́mù ti yọ́ sínú rẹ̀, agbára eérú tí yóò mú òróró di ọṣẹ sì ti dín kù. Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n ń rọ lọ́dọ̀ wa, àlòkù oríṣiríṣi ni wọ́n yọ́ pọ̀, ẹ̀rọ mọ́tò, agolo, ohun tí wọ́n bá rí, òjé sì lè wà nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò yẹ lára ọmọ ọwọ́. Ẹ padà sórí ìkòkò irin. Irin kì í bá omi eérú jà.

Ìdí kan náà ló fà á tí ìkòkò alumíníọ́mù fi ń dúdú nínú tí a bá fi kánún se nǹkan nínú rẹ̀, tí ọbẹ̀ tòmátì yóò sì tún un dán. Kánún jọ eérú, tòmátì ní omi kíkan. Ẹ̀yin ìyàwó ilé ti ń rí i lójoojúmọ́.

Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí má rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́ṣẹ ò kàn yín, torí ibí yìí gan-an ni ìdílé bórọ́ọ̀nù ti tọ ọ̀nà tààrà jù. Ẹ fi omi eérú àti omi kíkan dán awọ ọ́ksíjìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ti bórọ́ọ̀nù jẹ́ kíkan, omi eérú nìkan ló ń bá ṣe. Ti alumíníọ́mù àti ti gálíọ́mù ń bá méjèèjì ṣe. Ti íńdíọ́mù ti fi ara sí ọ̀dọ̀ eérú. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé tálíọ́mù, èyí tó fi elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré sílẹ̀ yóò yọ́ nínú omi, yóò sì di omi eérú gidi fúnra rẹ̀, tó lágbára bíi ti potásíọ́mù. Ẹni tó bá mọ ìdí tí ìkòkò Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi jẹ, ó ti mọ ìdajì ohun tí wọ́n máa bi í.

*

*Ẹ ǹlẹ́ Mà. Peckham ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọlọ́dún méjìlá ra ṣíbí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tì í bọ tíì, ṣíbí yọ́! Wọ́n ní gálíọ́mù ni. Ẹ̀rù bà mí, mo rántí mẹ́kúrì. Ó tún fẹ́ gbé e wá fi han àwọn ìbátan rẹ̀ l'Ékòó ní Kérésì. — Ìyá Ọmọ*

Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe mẹ́kúrì. Mẹ́kúrì burú nítorí pé ó ń gbéra sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Gálíọ́mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀: 29.8°C ló ti ń yọ́, àmọ́ kò ní hó títí a ó fi kọjá 2000°C. Ẹ ò ní rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé tó ń wà ní olómi láàrin ìwọ̀n ooru méjì tó jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ má mu tíì náà, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ torí yóò fi àbàwọ́n aláwọ̀ eérú sílẹ̀, ó tán.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni pé kó kan alumíníọ́mù. Gálíọ́mù olómi máa ń wọ àárín hóró-hóró inú alumíníọ́mù bí ìgbà tí omi bá wọ inú gààrí tó ti dì. Nǹkan náà yóò ṣì jọ alumíníọ́mù lójú, àmọ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò rún. Nítorí náà, kó má kan ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà alágbèéká, kó má kan ìkòkò, kó má kan àkàbà. Ẹ bọ́ òrùka yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ti Èkó, rárá o! Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe ara ọ̀pọ̀ bàálù, àwọn tó ń kó ẹrù lójú òfuurufú sì ka gálíọ́mù mọ́ ẹrù eléwu. Kó fi fídíò hàn wọ́n. Tó bá tiẹ̀ dé Èkó, ooru ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó rí ṣíbí kankan. Omi ni wọn yóò bá nínú àpótí.

Kí ló dé tí tirẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀? Bórọ́ọ̀nù kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2000°C, alumíníọ́mù 660, gálíọ́mù 29.8, lẹ́yìn náà íńdíọ́mù tún gòkè sí 156.6, tálíọ́mù 304. Ẹ tún rí i, kì í ṣe àtẹ̀gùn. Bórọ́ọ̀nù, átọ́ọ̀mù rẹ̀ so mọ́ra wọn ní gbogbo ọ̀nà bí àwọ̀n ẹja tí a hun dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Ti gálíọ́mù, méjì méjì ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń di ara wọn mú ṣinṣin, ìdìmú láàrin méjì kan àti méjì mìíràn kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Ooru ọwọ́ ọmọdé ti tó láti tú wọn ká. Kí ẹ má sì rọ ọ́ kún inú ìgò o. Bíi ti omi tó ń di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ nígbà tó bá dì, yóò fọ́ ìgò.

*

*Ìyá wa, fóònù ni mo ń tún ṣe n'Íbàdàn. Mo gbọ́ pé íńdíọ́mù wà lójú fóònù. Mo ti tú ojú fóònù tí ò lóǹkà, gíláàsì lásán ni mò ń rí. Níbo ló wà?*

Ọmọ mi, o ti ń wò ó, ó kàn jẹ́ pé o ti ń wò *gba inú rẹ̀ kọjá* ni. Wọ́n pò íńdíọ́mù àti tánganran pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn, wọ́n sì fi í pa gíláàsì náà lójú ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Iná mànàmáná ń gba ibẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Nǹkan tó ń ṣe méjèèjì pọ̀ ṣọ̀wọ́n: bàbà ń gbé iná, àmọ́ kò ṣeé wò kọjá, gíláàsì ṣeé wò kọjá, àmọ́ kì í gbé iná. Tí ìka rẹ bá kan ojú fóònù, iná tó wà níbẹ̀ yí díẹ̀, fóònù á sì mọ ibi tí ìka náà wà.

Íńdíọ́mù fúnra rẹ̀ rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè gé e. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń ké, o lè fi etí gbọ́ ọ.

Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ní 1863, ní ìlú Freiberg ní Jámánì, Ferdinand Reich ń wá ẹ́límẹ́ǹtì nínú òkúta síńkì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nígbà náà ni kí wọ́n sun nǹkan, kí wọ́n fi awò pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, torí ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ìlà àwọ̀ tirẹ̀. Ojú Reich kì í dá àwọ̀ mọ̀. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, Theodor Richter, pé kó bá òun wò ó. Richter rí ìlà kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, àwọ̀ aró, aró dúdú bíi ti ẹlú. Wọ́n sì fi orúkọ aró yẹn sọ ẹ́límẹ́ǹtì náà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ti di olùkọ́. Mo gbé ìwé náà lọ sí Ìtòkú, mo tú u fún ìyá mi. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, ọwọ́ tí aró ti wọ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́ láti ọdún gbọ́ọrọ, ó ní, "Irú èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, irú èyí.

Níwọ̀n ìgbà tí o wà nídìí iṣẹ́ iná, mọ èyí náà: gílóòbù LED funfun tó wà lókè orí rẹ, gálíọ́mù àti íńdíọ́mù tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ náítírójìn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ aró inú rẹ̀, kí ẹfun àwọ̀ ìyeyè kan tó sọ ọ́ di funfun. Àwọn mẹ́ta tí a bí ní Jàpáàn, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí ìmọ́lẹ̀ aró yẹn. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ìdílé yìí àti márùn-ún ti ìdílé náítírójìn jẹ́ mẹ́jọ, iye tí ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù ń wá kí ara wọn tó balẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bára wọn gbé.

*

*Mà, mo wà ní yunifásítì l'Ákùúrẹ́. Gbogbo ìdílé yìí ń fi elẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀, kí ló dé tí tálíọ́mù fi ń fẹ́ fi ẹyọ kan sílẹ̀? Mo tún rí TlI₃, tálíọ́mù pẹ̀lú áyódìn mẹ́ta, nínú ìwé, ṣé ìyẹn kì í ṣe mẹ́ta ni?*

Méjì tó wà nínú yàrá s ni kò fẹ́ jáde. Nínú tálíọ́mù, kóró ní prótọ́ọ̀nù 81, ìbòjú f àti d kò tó, elẹ́kítírọ́ọ̀nù yàrá s sì ń sá eré tó pọ̀ débi pé ó sún mọ́ kóró ju bó ṣe yẹ lọ. Láti yọ wọ́n, a ó ná agbára púpọ̀. Bẹ́ẹ̀, átọ́ọ̀mù tó tóbi bẹ́ẹ̀ kì í so mọ́ ẹlòmíì le, kò sí èrè tó máa san gbèsè náà padà. Ó bá fi èyí tó wà ní p sílẹ̀, ó jókòó ti méjì tó kù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni bórọ́ọ̀nù àti alumíníọ́mù sábà máa ń lo tiwọn. Gálíọ́mù àti íńdíọ́mù ti ń ṣe ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ tálíọ́mù ni ẹyọ kan ti jọba.

TlI₃ yẹn, ìdẹ ni, mo sì máa ń fi dán àwọn ọmọ mi wò. Kì í ṣe tálíọ́mù tó fi elẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀ àti áyódìn ẹyọ mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tálíọ́mù tó fi ẹyọ kan sílẹ̀ ni, pẹ̀lú áyódìn mẹ́ta tó di ara wọn mú bí ẹnì kan ṣoṣo, tó gba elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré. Iye tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹyọ kan yìí náà ló sọ ọ́ di májèlé. Tálíọ́mù tó ti fi ẹyọ kan sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà pẹ̀lú potásíọ́mù, ara wa a sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kò ní òórùn, kò ní adùn, wọ́n fi ṣe májèlé eku láyé àtijọ́ kí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó fòfin dè é. Irun orí ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹsẹ̀ á máa ta á. Mo bẹ ẹ̀yin tó bá ní in ní yàrá ìwádìí yín: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹun níbẹ̀. Mi ò sọ èyí fún dídẹ́rù bani.

*

*Olùkọ́, mo gbin ọ̀pẹ sí ẹ̀bá Òkìtìpupa. Imọ̀ ọ̀pẹ mi tuntun ń ká kọ́rọ́ ní ṣóńṣó bí ìwọ̀ ẹja. Ẹni tó wá wò ó ní ilẹ̀ mi ò ní bórọ́ọ̀nù. Kí ni bórọ́ọ̀nù fẹ́ ṣe lára igi? — Àgbẹ̀*

Ẹni yẹn mọṣẹ́, Bàbá. Ewé tó ká bí ìwọ̀ jẹ́ àmì tí àwọn ọlọ́pẹ mọ̀ mọ́ àìtó bórọ́ọ̀nù. Igi ń lò ó láti fi so ògiri inú ara rẹ̀ pọ̀, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà, nítorí pé nínú ọ̀pẹ, bórọ́ọ̀nù kì í kúrò lára ewé àgbà lọ sára ewé ọmọdé. Láti 1923 ni Katherine Warington ní Rothamsted, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn pé ẹ̀wà kan tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ kò lè yè láìsí i.

Bórọ́ọ̀nù nìkan ni kì í ṣe mẹ́tàlì nínú ìdílé rẹ̀. Ó kéré jù láti fi elẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀ pátápátá, nítorí náà ó máa ń bá ẹlòmíì pín in ni, mẹ́fà péré ló sì máa ń wà ní àyíká rẹ̀ níbi tí àwọn yòókù ti ń wá mẹ́jọ. Ìyẹn ló ń mú un wá ẹni tí yóò fún un ní méjì sí i. Àsìdì bórííkì tí wọ́n fi ń pa aáyán, kì í fi háídrójìn tirẹ̀ sílẹ̀ bí àsìdì yòókù. Ara omi ló ti ń gba ohun tó nílò, omi ló wá ń fi háídrójìn sílẹ̀. Nínú ilẹ̀, ó ń bá omi rìn. Nínú ilẹ̀ oníyanrìn tí òjò pọ̀ bíi tiyín, omi á gbé e lọ.

Bórákìsì, iyọ̀ kan tó ní bórọ́ọ̀nù nínú, ni wọn yóò ní kí ẹ rà. Bàbá, díẹ̀ ni o! Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wò ó wọ̀n ọ́n fún yín ní gíráàmù fún igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ́n ọn ká ìdí igi, kí ẹ má dà á jọ sójú kan. Èyí tó tó àti èyí tó pa igi kò jìnnà síra. Mo mọ ẹni tó rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù, ewé ọ̀pẹ rẹ̀ gbẹ láti etí wá. Ewé tó ti ká kò ní nà mọ́, ẹ má wò ó. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò.

*

*Mà, ṣé mo ní láti ka nihóníọ́mù fún WAEC? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin*

Rárá. Mọ orúkọ rẹ̀ àti iye prótọ́ọ̀nù rẹ̀, 113. Ikọ̀ Kosuke Morita ní ilé ìwádìí RIKEN ní Jàpáàn ló ṣe é: wọ́n ń fi síńkì lu bísmọ́ọ̀tì, átọ́ọ̀mù kan péré ni wọ́n rí ní 2004, ọ̀kan ní 2005, ọ̀kan ní 2012. Ọdún mẹ́jọ, átọ́ọ̀mù mẹ́ta. Ní 2016 ni wọ́n fọwọ́ sí orúkọ tí wọ́n fún un, tí wọ́n mú látinú Nihon, orúkọ tí àwọn ará Jàpáàn ń pe ilẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó tí ì rí èyí tó pọ̀ tó láti mọ bó ṣe ń yọ́ tàbí àwọ̀ tó ní, nítorí kì í pẹ́ rárá tó fi ń fọ́ di nǹkan mìíràn.